Bí ẹ bá ń lọ kí ọ̀rẹ́ lórí òkè Colorado nígbà òtútù: ìtọ́sọ́nà fún bàtà yìnyín àti síkì

Bí ọ̀rẹ́ yín kan bá ti kó lọ sí Summit County ní ìpínlẹ̀ Colorado, tó sì ń pè yín pé kí ẹ wá lo bí ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ òun nígbà òtútù, ẹ jẹ́ ìpè náà. Ibẹ̀ rẹwà púpọ̀. Ẹni tó ti Houston tàbí Dallas lọ, tí kò fẹsẹ̀ tẹ yìnyín rí láyé rẹ̀, lè gbádùn rẹ̀ dáadáa, bí ó bá mọ ohun tó yẹ kó ṣáájú àti ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e.

Frisco ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú kékeré ni, létí adágún Dillon, àwọn òkè yí i ká, ibi síkì ńlá mẹ́rin sì wà nítòsí (síkì ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín): Breckenridge, Keystone, Copper Mountain, àti Arapahoe Basin tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní A-Basin.

Òtútù ni gbogbo wa máa ń bẹ̀rù ṣáájú, àmọ́ òtútù ní aṣọ tí a fi ń lé e. Gíga ibẹ̀ ló ń ba ìrìn àjò jẹ́. Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Denver ga tó mítà 1,609, Frisco ga tó 2,773, ṣóńṣó òkè Breckenridge sì ga tó 3,962. Ní Frisco, ọ́síjìn tí èémí kan ń kó wọlé kò ju bí ìdá méje nínú mẹ́wàá èyí tí ẹ ń mí sínú nílé lọ. Nítorí náà, bí mo ṣe to gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí nìyí: kí ara kọ́kọ́ mọ ibi tó wà, kí ẹ wá fi bàtà yìnyín rìn (férémù pẹlẹbẹ tí a ń dè mọ́ abẹ́ bàtà kí ẹsẹ̀ má baà rì), kí síkì tó kàn. Ẹni tó bá fi síkì ṣáájú sábà máa ń lo ọjọ́ kejì lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú orí fífọ́.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: kí ni jẹnotáìpù yín?

Nítorí ìgbéyàwó ni ọ̀pọ̀ wa ṣe mọ̀ bóyá AA, AS tàbí SS ni wá. Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n nítorí òkè pẹ̀lú, ìwé ìtọ́sọ́nà síkì kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀ nítorí kì í ṣe àwa ni wọ́n ń kọ ọ́ fún.

Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, ì báà jẹ́ SS tàbí SC, kò gbọdọ̀ gòkè báyìí láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Bí ọ́síjìn bá ti dín kù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ bíi dòjé, á dí òpó tó ń gbà kọjá, ìrora á sì bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà bá ní kó má lọ, kí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín pàdé ní Denver tàbí kí òun wá bá yín nílé. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ AS máa ń lọ, á sì bọ̀ láìsí wàhálà lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn AS kan tí wọ́n gòkè, pàápàá tí wọ́n fi agbára ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pé kí ìrora líle bẹ̀rẹ̀ lójijì lápá òkè ikùn, lábẹ́ ìhà òsì. Ẹ̀yà ara tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà dé mọ́. Ẹ má pè é ní inú kíkún, ẹ má mu oògùn inú kí ẹ lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni. St. Anthony Summit wà ní Frisco gan-an. Bí ẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ sọ pé AS ni yín, torí dókítà tí kì í sábà tọ́jú ènìyàn wa lè máa wá ohun mìíràn kiri. Kí gbogbo AS tó wà nínú ẹgbẹ́ yín mọ èyí, kí ọ̀rẹ́ tó gbà yín lálejò náà mọ̀ ọ́n.

Aláboyún, ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gbọ́dọ̀ rí dókítà ṣáájú. Dókítà lè kọ oògùn acetazolamide fún ẹni tí orí máa ń fọ́ tó bá dé ibi gíga; ọjọ́ tó ṣáájú gígòkè ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Bí ara yín kì í bá gba oògùn sulfa, irú èyí tó wà nínú Fansidar tí wọ́n ń lò fún ibà nílé, ẹ sọ fún dókítà náà.

Ìgbà wo, àti kí ni kí ẹ bi ọ̀rẹ́ yín?

Oṣù Kìíní ló tutù jù. Lóru, ó máa ń lọ sí ìwọ̀n 15 nísàlẹ̀ òdo tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Nínú oṣù Kẹta, yìnyín ṣì ń rọ̀ dáadáa, oòrùn sì ń ràn pẹ́, òun ni mo máa ń gba ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́ níyànjú. Ẹ sá fún ọ̀sẹ̀ Kérésì sí ọdún tuntun, ìsinmi Martin Luther King àti Presidents' Day. Bí iṣẹ́ yín bá gbà á, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ló dára jù, torí òpin ọ̀sẹ̀ ni gbogbo Denver ń gòkè.

Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín léèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó gbéra: ṣé ààyè mọ́tò wà nílé rẹ̀? Àwọn aṣọ àti bàtà wo ló ní tí ẹ lè yá? Ọjọ́ wo ni òun yóò wà níbi iṣẹ́? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe ẹni tó wà lórí ìsinmi, kò sì yẹ kí àlejò sọ olóńlé di dírẹ́bà.

Ohun tí ẹ máa wọ̀

Ìpele aṣọ mẹ́ta ni. Èyí tó fara kan awọ ni ẹ̀wù tẹ́ẹ́rẹ́ alápá gígùn àti ṣòkòtò rẹ̀, tí wọ́n fi irun àgùntàn tàbí polyester hun. Lórí rẹ̀ ni ẹ̀wù fleece, aṣọ onírun rírọ̀ tó móoru, tàbí èyí tí wọ́n kó ìyẹ́ sínú rẹ̀. Òde pátápátá ni jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tí omi àti atẹ́gùn kò lè gbà kọjá. Òwú kò gbọdọ̀ sí ńbẹ̀ rárá: kò sí síńgílẹ́ẹ̀tì òwú, kò sí jíǹsì, kò sí ìbọ̀sẹ̀ òwú. Bí ẹ bá ń rìn, ẹ ó làágùn. Òwú á mu òógùn náà, kò ní gbẹ, nígbà tí ẹ bá sì dúró, omi yẹn ni yóò mú kí ara yín máa gbọ̀n.

Nínú bàtà síkì, ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni, ti irun àgùntàn, tó ga dé abẹ́ orókún. Ẹni tó bá wọ méjì léra ń fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pa ni. Ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọmọ ìka, òtútù á sì mú un ju ẹni tó wọ ẹyọ kan lọ. Fún ọwọ́, ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ wà lójú kan móoru ju èyí tí ìka kọ̀ọ̀kan dá wà lọ.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yìí. Ìwádìí láàárín àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn pé òtútù tètè ń ba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ adúláwọ̀ jẹ́ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ wà lójú kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan fi ara tiẹ̀ díwọ̀n fún yín. Bí ó bá ní òun kò nílò ìbọ̀wọ́ nípọnnípọn, ẹ̀yin ẹ wọ tiyín.

Ojú àti awọ ńkọ́? Bí a ṣe ń gòkè ni ìtànṣán oòrùn ń le sí i, ó tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lórí ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan, yìnyín tuntun sì lè dá bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ padà sí yín lójú láti ìsàlẹ̀. Awọ dúdú náà ń jóná níbẹ̀. Ẹ fi ìpara oòrùn pa ojú, abẹ́ àgbọ̀n àti abẹ́ imú, kí ẹ sì wọ awò dúdú tàbí awò síkì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà níta. Atẹ́gùn ibẹ̀ gbẹ ju ti ọyẹ́ lọ, nítorí náà ẹ mú òrí dání fún ètè, ìgúnpá àti gìgísẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sí ihò imú lálẹ́, torí imú máa ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ronú nípa irun kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ onídìrí. Akoto síkì máa ń gba gbogbo orí. Kòlẹ́sẹ̀ tí a dì pẹlẹbẹ, tó parí sí ìpàkọ́, ló bá a mu jù. Ṣùkú kò ní jẹ́ kí akoto jókòó, akoto tí kò bá sì jókòó kò lè gba orí là. Ẹni tó ní irun àfikún gígùn, kó dè é sísàlẹ̀ ọrùn, kó kì í bọ inú jákẹ́ẹ̀tì. Gèlè sátíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ akoto kò ní jẹ́ kí irun já.

Ẹ má fi owó ra gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ìsàlẹ̀ ni kí ẹ rà. Jákẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò yìnyín, akoto àti awò ṣeé yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tó ń yáni.

Láti Denver dé Frisco

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ sùn mọ́jú ní Denver. Alẹ́ kan ní mítà 1,609 máa ń ran ara lọ́wọ́ púpọ̀ kí ó tó dé 2,773. Aurora tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Denver ní àwọn ọjà tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ Áfíríkà, ẹ lè yà síbẹ̀ ra ohun tí ẹ máa gbé lọ fún olóńlé.

Ọ̀nà I-70 ni ẹ máa gbà. Láti pápákọ̀ òfurufú dé Frisco sún mọ́ máìlì 100, ó sì máa ń gbà tó wákàtí méjì bí ojú ọjọ́ bá dára. Òfin wà níbẹ̀: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, mọ́tò tó bá ń gba I-70 láàárín Morrison àti Dotsero gbọ́dọ̀ ní táyà yìnyín, tàbí kó jẹ́ èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tàbí kó gbé ṣéènì táyà dání. Ojú táyà náà gbọ́dọ̀ jìn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rìndínlógún ínǹṣì. Bí ẹ bá yá mọ́tò ní pápákọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo táyà kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n lè fún yín ní ọkọ̀ ńlá tó ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ojú táyà rẹ̀ ti jẹ. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ wo COtrip, ìkànnì ìjọba Colorado tó ń sọ bí ojú ọ̀nà ṣe rí. Ẹ ó gba inú ihò ńlá Eisenhower–Johnson kọjá lábẹ́ òkè, ní mítà 3,401. Ihò àkọ́kọ́ ṣí ní 1973, èkejì ní 1979. Bí fóònù yín bá ní kí ẹ yà gba Loveland Pass nítorí gòsíló, ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀nà yẹn ga dé mítà 3,655, ó rí kọ́lọkọ̀lọ, kì í sì í ṣe ọ̀nà ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń wakọ̀ lórí yìnyín. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ihò náà, ẹ lo jíà kékeré, ẹ má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣáá.

Ẹni tí kò wakọ̀ nínú yìnyín rí, èmi ní kó wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ ojú irin A Line máa ń gbéni láti pápákọ̀ lọ sí Union Station láàárín bí ìṣẹ́jú 37. Láti ibẹ̀, Bustang, bọ́ọ̀sì ìjọba ìpínlẹ̀, ń lọ sí Frisco. Tí ẹ bá sì ti dé Frisco, bọ́ọ̀sì Summit Stage tó ń lọ sí Breckenridge, Keystone àti Copper kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí ẹ dé

Ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ kí ara yín, ẹ jókòó, ẹ mu omi, ẹ rìn díẹ̀ ní Main Street Frisco, ẹ padà wálé. Ọtí kò yẹ lálẹ́ àkọ́kọ́, torí ó ń gbẹ omi ara, ó ń ba oorun jẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá ọtí ló ń fa orí fífọ́ tàbí òkè. Oorun lè máa já, ọkàn lè máa lù kìkì. Ìyẹn wọ́pọ̀ lálẹ́ kìíní.

A kì í lọ kí ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó ń gbé orí òkè kò ní kọ ẹ̀lùbọ́, ẹ̀gúsí lílọ̀, irú, ata gígún àti gàrí. Epo pupa, inú ẹrù tí ẹ máa fi sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú ni kó wà, kí ẹ wé e dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé sísè oúnjẹ yàtọ̀ níbẹ̀. Ní Frisco, omi ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 91, kì í ṣe 100. Ó ń hó lóòótọ́, ẹ ń rí i tó ń yọ èéfín, àmọ́ kò gbóná tó ti ilé. Ẹ̀wà lè wà lórí iná títí kí ó má rọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú tàbí kí ẹ lo pressure cooker. Ìrẹsì ń fẹ́ omi àti àsìkò sí i. Àmàlà ń ṣeé ṣe. Lẹ́yìn tí ẹ bá rò ó tán, ẹ bu omi sí i, ẹ dé e, kí ẹ jẹ́ kó pẹ́ lórí iná ju bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ìrẹsì díẹ̀ ti tó. Ikùn tó kún kì í jẹ́ kí èémí já gaara níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta: bàtà yìnyín

Bàtà yìnyín jẹ́ férémù pẹlẹbẹ kan tó gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a ń fi okùn dè mọ́ abẹ́ bàtà tí a wọ̀. Ó ń tan ìwúwo ara káàkiri orí yìnyín kí ẹsẹ̀ má baà rì dé orókún, eyín irin sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń di ilẹ̀ mú. Ìwúwo yín pọ̀ mọ́ ti àpò ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń yan ìwọ̀n rẹ̀. Bàtà tí ẹ máa wọ̀ sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga dé ọrùn ẹsẹ̀, kí omi má lè wọ̀ ọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Frisco Nordic Center létí adágún. Wọ́n ń yáni ní bàtà níbẹ̀, ilẹ̀ kò ga púpọ̀, wọ́n ti sàmì sí ọ̀nà, ènìyàn kò sì lè sọnù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ gbòòrò díẹ̀ ju bí ẹ ti ń rìn, kí férémù kan má baà tẹ èkejì. Tí ẹ bá ń gun òkè, ẹ fi orí bàtà ta yìnyín kí eyín rẹ̀ wọlé. Tí ẹ bá ń sọ̀, ẹ tẹ orókún, kí ẹ fi gìgísẹ̀ sọlẹ̀. Ẹ má fẹ̀yìn rìn láé, ìrù bàtà á há, ẹ ó sì ṣubú. Ẹ yípo bí ẹni ń jó. Ọ̀pá méjì tó ní abọ́ kékeré lẹ́sẹ̀ ń ranni lọ́wọ́ gidigidi. Ẹ ó sì rí ojú ọ̀nà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú yìnyín: ti àwọn tó ń ṣe síkì ilẹ̀ títẹ́jú ni. Ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Wákàtí kan tàbí méjì ti tó lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ já geere bí ẹ ṣe ń rìn, ẹ ti ń yára jù.

Lọ́jọ́ kẹta, bí orí kò bá fọ́, ẹ lè jáde díẹ̀. Ọ̀nà Rainbow Lake bẹ̀rẹ̀ láti inú ìlú Frisco, ó ń gba inú igbó lọ sí adágún kékeré kan, ó sì dára fún ìdílé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Mayflower Gulch, lójú ọ̀nà 91 lẹ́yìn Copper. Ọ̀nà àwọn awakùsà àtijọ́ ni, ó ń lọ sí ibi tí àwókù ilé pákó wọn ṣì dúró sí láàárín yìnyín, àwọn òkè ṣóńṣó sì yí i ká. Ó fi ohun tó lé ní 500 mítà ga ju Frisco lọ níbi tí ẹ máa gbé mọ́tò sí, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ lọ́jọ́ kejì.

Nípa Mayflower àti irú ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Yìnyín orí òkè lè ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà bí ìwọ̀n 30 sí 45 ni ó sábà ń ya níbẹ̀, kò sì dìgbà tí ẹ bá gùn ún. Ẹni tó ń rìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ náà wà nínú ewu. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìkìlọ̀ CAIC, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ Colorado tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìnyín yíya. Ìpele márùn-ún ni wọ́n ń lò. Ẹ má ronú pé ìpele 3 jẹ́ àárín, pé kò burú. Ewu gidi ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń kú lọ́jọ́ tó jẹ́ 3. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kọ́ nípa yìnyín, bí ó bá ti dé 3, ẹ dúró sí Nordic Center tàbí inú igbó tó tẹ́jú. Ní Mayflower, àwókù ilé yẹn ni kí ẹ ti padà, kódà lọ́jọ́ tó dára. Ẹ má kọjá lọ sábẹ́ ògiri òkè.

Ẹ gbéra láàárọ̀, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa dé fún olóńlé. Nínú oṣù Kìíní, oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi fóònù sápò inú tó sún mọ́ ara, òtútù ń pa bátìrì. Ẹ dorí ike omi kodò nínú àpò, torí òkè ni omi ti ń kọ́kọ́ dì, ẹnu rẹ̀ á sì ṣì ṣeé mu.

Ọjọ́ kẹrin: síkì

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín kọ́ yín. Mo mọ̀ pé tìfẹ́tìfẹ́ ni yóò fi ní kí ẹ máa bọ̀. Ẹ sanwó olùkọ́ ní ibi síkì náà, kí ẹ gba ẹ̀kọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí tíkẹ́ẹ̀tì àti irinṣẹ́ máa ń wà nínú owó rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ rà á ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan tí ẹ bá rà lójú fèrèsé Breckenridge tàbí Keystone nígbà tí èrò pọ̀ lè kọjá 200 dọ́là.

Èwo nínú àwọn òkè náà? Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, Copper ni mo máa ń mú. Bí Ọlọ́run ṣe dá òkè náà, ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ rọra tẹ̀, ìlà oòrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán, nítorí náà àwọn tó ń sáré burúkú kì í sábà wà níbi tí ẹ wà. Keystone náà dára fún ẹni tó ti kọ́ díẹ̀. Ọ̀nà Schoolmarm rẹ̀ rọrùn, ó sì gùn ju máìlì mẹ́ta lọ.

Ẹ lọ gba irinṣẹ́ nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú. Bàtà síkì gbọ́dọ̀ fún yín díẹ̀: tí ẹ bá dúró ṣánṣán, ìka á fara kan iwájú, tí ẹ bá tẹ orókún, á fà sẹ́yìn. Wọ́n á béèrè gíga, ọjọ́ orí àti ìwúwo yín. Ẹ sọ òótọ́ nípa ìwúwo, ẹ má dín in kù, torí òun ni wọ́n fi ń ṣètò bí síkì yóò ṣe já kúrò lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣubú. Bí kò bá já nígbà tó yẹ, orókún ló ń san án.

Lórí yìnyín, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á kọ́ yín ni dídúró. Ẹ jẹ́ kí orí síkì méjèèjì sún mọ́ra, kí ìrù wọn ya síra gan-an, kí ẹ sì fi inú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá yà á gbòòrò, ẹ ó dúró. Láti yà sósì, ẹ tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Láti yà sọ́tùn-ún, ẹ tẹ ti òsì. Ìbẹ̀rù á ní kí ẹ fara sẹ́yìn. Ẹ má gbà fún un, torí bí ẹ bá ti fara sẹ́yìn, síkì á sáré, ẹ kò sì ní lè darí rẹ̀. Ojúgun ni kí ẹ máa tì mọ́ iwájú bàtà, ojú kí ó sì máa wo ibi tí ẹ ń lọ, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá rí i pé ṣíṣubú ti dé, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má na ọwọ́ síwájú. Láti dìde, ẹ kó síkì méjèèjì sísàlẹ̀ ara yín, kí wọ́n dábùú òkè, kí ẹ wá fi ọwọ́ ti ara yín sókè. Níbi àga tó ń gbéni gòkè, ẹ sún dé ojú àmì, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ jókòó, ẹ fa irin ìdábùú wálẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀, ẹ gbé orí síkì sókè, ẹ dìde, ẹ kúrò níbẹ̀ kíá. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ, á mú kó rọra rìn.

Róbótó aláwọ̀ ewé ni àmì ọ̀nà tó rọrùn, igun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù ló tẹ̀ lé e, dáyámọ́ńdì dúdú sì wà fún àwọn ọ̀gá. Ẹ dúró sí ti ewé. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín ló ni ọ̀nà, ẹ̀yin ni kí ẹ yà fún un. Bí ẹ bá gbá ẹnì kan tó sì farapa, òfin Colorado kò gbà kí ẹ lọ láìfi orúkọ àti àdírẹ́sì yín sílẹ̀.

Aago méjì ọ̀sán, bí ẹsẹ̀ bá ti ń gbọ̀n, ẹ bọ́ ọ. Ìgbà tó ti rẹni ni eegun máa ń ṣẹ́.

Bí àwọn òbí yín bá wà pẹ̀lú yín, ẹ mú wọn lọ sí Breckenridge. Gọ́ńdólà BreckConnect tó ń ti inú ìlú gòkè lọ sí Peak 7 àti Peak 8 kò gba owó. Wọ́n á jókòó nínú ilé dígí, wọ́n á rí gbogbo rẹ̀ láìfẹsẹ̀ kan yìnyín. Ó ga ju Frisco lọ o, nítorí náà ẹ má pẹ́ jù.

Bí ara bá kọ̀

Orí fífọ́, èébì tó ń gbéni, àìfẹ́ jẹun, àárẹ̀: òkè ló ń bá yín jà. Ẹ má gòkè sí i, ẹ sinmi, ẹ mu omi, ẹ lo oògùn orí tí ara yín gbà. Bí kò bá dínkù, ẹ sọ̀ lọ sí Denver. Sísọ̀ ni oògùn rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ láìmutí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já mọ́ra, tàbí tó ń mí gúlegúle lórí ìjókòó, tó ń wúkọ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ pe 911. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ ní kó fi gìgísẹ̀ kan orí ìka rìn lórí ìlà tààrà. Bí kò bá lè ṣe é, ó ti di pàjáwìrì.

Fún òtútù tó ń ba awọ jẹ́, àwòrán inú ìwé máa ń fi awọ pupa tàbí funfun hàn. Lára tiwa, awọ á ṣú bí eérú tàbí kó funfun ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, á le, kò sì ní mọ nǹkan lára. Ẹ máa wo imú, etí àti ìka ara yín látìgbàdégbà. Bí ẹ bá rí i, ẹ wọlé. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má fi yìnyín pa á, ẹ má sún un mọ́ iná. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ìwọ̀n 37 sí 39 ni kí ẹ kì í bọ̀, bí ó bá ti dájú pé kò ní tún dì, kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ tí ẹ máa padà

Ẹ dá irinṣẹ́ padà nírọ̀lẹ́ àná rẹ̀. Ẹ gbọ́n yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ilé fún olóńlé kí ẹ tó lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, torí iṣẹ́ ṣọ́bìrì ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ ju síkì lọ ní gíga yẹn. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú: gbogbo àwọn tó gòkè lọ́jọ́ Ẹtì ló ń padà nígbà náà, I-70 á dí pa. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí aago mẹ́jọ tó lù, tàbí ọjọ́ Ajé, ló dára. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tó máa gbéra nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo COtrip kí ẹ tó jáde, kí epo kún táǹkì, kí bùláńkẹ́ẹ̀tì, omi àti ìpápánu wà nínú mọ́tò. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà pa, ẹ pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yín láti orí àga olóńlé, ẹ má lọ tò sórí ìlà.